Omi Tí Mo Dà Sínú Epo Ọkọ̀ Ní Òwúrọ̀ Ìbò

Ẹ̀yin ará ìkọjá odò tí ẹ yí ibùsùn mi ká, àti ìwọ àbúrò mi tí o gbé orí mi lé itan, ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́nà ọ̀fun láti ọdún pípẹ́, n kò sì fẹ́ gbé e wọ ilẹ̀ lọ. Gbogbo yín ni ẹ gbà pé mẹkáníìkì ló mú kí àga ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Irọ́ ni. Èmi ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè má mọ bí ìbò agbègbè wa ti rí látẹ̀yìnwá. Láti ìgbà tí a ti ń dìbò yan ẹni tí yóò ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀, ìgboro ni àga náà wà. Lọ́yà ló kọ́kọ́ jókòó lé e, àna rẹ̀ tẹ̀ lé e, kọngilá tó kọ́lé fún àwọn méjèèjì sì gbà á lẹ́yìn wọn. Àwọn ará ìgboro a máa bá ara wọn jà títí di ọ̀sẹ̀ ìbò, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ará ìkọjá odò dìde, wọn a di ọ̀kan. Àwa amọ̀kòkò, apẹja àti oníbíríkì kàn ń bá wọn dìbò ni, odò la sì ń kọjá kí a tó rí i dì, nítorí pé nígbà tí omíyalé ba ilé ẹ̀kọ́ wa jẹ́, wọ́n gbé ibùdó ìdìbò wa lọ sí òdìkejì, wọn kò sì gbé e padà mọ́.

Nígbà náà ni àbúrò mi yìí, Tíṣà, dìde. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni mo fi rán an nílé ìwé. Ó yẹ kí inú mi dùn, inú mi kò dùn. Ní èbúté, níbi tí wọ́n ti ń kí mi ní Ọ̀gá Ọlọ́kọ̀, mo di Ẹ̀gbọ́n Tíṣà. Ìyàwó mi a máa lọ aṣọ rẹ̀ fún un kí ó tó lọ pàdé ará ìlú. Ó ní ẹ̀wù funfun yẹ ẹ́ ju gbogbo ọkùnrin ilé wa lọ. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lára mi. Mo ń wo ọwọ́ mi tí okùn ọkọ̀ ti họ, mo ń wo tirẹ̀ tí kò mọ̀ ju ẹfun ìkọ̀wé lọ, mo sì ń bi ara mi pé kí ló ṣe tí n kò ṣe. Ìlara jókòó tì mí nídìí ẹ́ńjìnnì bí èrò tí kò ní sọ̀.

Òjò mú kí odò kún lọ́dún náà, ọkọ̀ alájẹ̀ kò lè là á kọjá. Àwọn àgbà ní kí Tíṣà háyà ọkọ̀ mìíràn kún tèmi, tó jẹ́ òun nìkan ló ní ẹ́ńjìnnì ní ìhà wa. Ó kọ̀. Ó ní, “Ta ni n ó tún lọ bẹ̀ lọ́kọ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wà?” Mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn fèrèsé. Bí ó bá ṣe pé ó bú mi ni, ara ì bá tù mí.

Mẹkáníìkì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tún ẹ́ńjìnnì ṣe lọ́jọ́ tó ṣáájú ìbò, ó sì rọ epo kún táńkì. Ní ìdájí, mo bu omi odò, mo dà á sínú epo náà.  Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tán tí gbogbo yín wọ ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ ìjáde, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó dákẹ́. Ìyá amọ̀kòkò, tó ní òun kò ní kú kí òun tó dìbò fún ọmọ tí òun pọ̀n dàgbà, ní, “Ọmọ mi, ṣé ọkọ̀ rẹ yìí gbé eegun ẹja mì ni?” Mo bá yín rẹ́rìn-ín. Mo ń fa okùn ẹ́ńjìnnì, mo ń làágùn, mo ń ṣe bí ẹni tí ọ̀ràn dùn.

Wọ́n sáré pe mẹkáníìkì. Ó ta epo sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní omi ti wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta epo ní ìhà wa. Ibẹ̀ ni ǹ bá ti dúró. N kò dúró. Mo ní, “Ìwọ lo rọ ọ́ lánàá. Kí ni kọngilá fún ọ?”

Mẹkáníìkì kọjú sí mi. Ó ní, “Ọ̀gá Ọlọ́kọ̀, ẹ wojú mi kí ẹ tún un sọ.”

Mo wojú rẹ̀, mo tún un sọ. Tíṣà bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Ó kẹ̀yìn sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ dòní. Inú ọkọ̀ ni ẹ wà títí wọ́n fi parí ìdìbò ní òdìkejì. Ìbò tí kọngilá fi ju Tíṣà lọ kò tó èrò ọkọ̀ mi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyá amọ̀kòkò kò rí ìbò mìíràn. Nígbà tí kò sẹ́ni tó gbé iṣẹ́ fún mẹkáníìkì mọ́, ó kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, ó fi wá sílẹ̀.

Lánàá, Tíṣà gbé mi kọjá odò lọ sí ilé ìwòsàn tí a kò ní níhìn-ín. Mo ń gbọ̀n nínú ọkọ̀. Ó fi aṣọ bò mí, ó ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo rọ epo yìí fúnra mi. Láti ọjọ́ ìbò yẹn, n kò jẹ́ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kan táńkì wa mọ́.” Dókítà ní kí wọ́n máa gbé mi padà sílé. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ yẹn ti pa mí ṣáájú àìsàn.

Àbúrò mi, má tíì dárí jì mí. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ ni kí o kọ́kọ́ lọ. Ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nílùú àwọn àna rẹ̀. Sọ fún un pé ẹnu ara mi ni mo fi jẹ́wọ́, níwájú gbogbo èrò ọkọ̀ ọjọ́ náà tó kù láyé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹni yín bá ń gòkè tí inú yín kò dùn sí i, ẹ sọ ọ́ síta, kódà bí ojú bá tì yín. Ẹ má jẹ́ kí ó bá yín dé ìdí iṣẹ́. Ìbò mìíràn sún mọ́lé. Bí mẹkáníìkì bá gbà láti wá, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì epo lé e lọ́wọ́ ní èbúté, lójú gbogbo ayé, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ ọkọ̀ títí yóò fi rọ ọ́ tán.