Fínígà Tí Mo Kán Sí Báńdéèjì Bíríkìlà

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ̀rù tó tún pa mí lẹ́nu mọ́. Ọdún mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Ìwé mi ò pọ̀, ẹ má wo bí mo ṣe ń kọ ọ́, ohun tí mo ṣe ni kí ẹ wò.

Egbò ni mo ń dì ní ọsibítù, Ìyá Báńdéèjì ni wọ́n ń pè mí. Nígbà tí wọ́n kó báńdéèjì aláwọ̀ méjì dé, dókítà kó wa jọ, ó ní, "Báńdéèjì yìí mọ egbò jù yín lọ. Bí egbò bá dáa, yẹ́lò ni yóò máa wà. Bí kòkòrò bá ti wọ̀ ọ́, á di àwọ̀ aró kí imú yín tó gbọ́ nǹkan kan." Òfin sì tẹ̀lé e: ẹni tó bá dì í á kọ orúkọ sí etí rẹ̀. Bí tìrẹ bá di aró lẹ́ẹ̀mẹta, o ti kúrò nídìí egbò nìyẹn, ibi ìfọṣọ ló kù.

Èyí àkọ́kọ́ tó di aró lọ́wọ́ mi, kì í ṣe kòkòrò, ọṣẹ ni; ọṣẹ náà máa ń sọ ọ́ di aró. Mi ò ṣan ọṣẹ kúrò lára egbò dáadáa. Gbogbo wọ́ọ̀dù fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Báńdéèjì, ṣé aláró lo fẹ́ dà ni?" Ìkejì náà, ọṣẹ ni. Ni obìnrin tí a jọ ń di egbò bá fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní, "Ìwọ náà! Fínígà, omi kíkan tí a fi ń nu fèrèsé ńkọ́? Kán an sí i, á padà sí yẹ́lò." Mo dán an wò lára ọ̀kan tí a ti tú dànù. Ó padà lóòótọ́. A rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rín òmùgọ̀! Èmi ni mo tún lọ fi kọ́ àwọn mẹ́ta mìíràn.

Bíríkìlà kan wá dé, ìṣó ló gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń dúró tì í. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo débẹ̀, báńdéèjì rẹ̀ ti di aró, orúkọ mi sì wà létí rẹ̀, ìkẹta mi nìyẹn. Bíríkìlà ní, "Ìyá Báńdéèjì, ẹsẹ̀ mi ti pààrọ̀ aṣọ o. Ṣé òde ló ń lọ ni?"

Mo ní, "Ọṣẹ ni, bàbá."

Ọmọ rẹ̀ ní, "Ìyá, bàbá mi ò fojú kan oorun mọ́jú o. Wọ́n ní ó ń ta wọ́n."

Mo ní kó lọ bá mi wá omi gbígbóná. Irọ́ ni, mi ò nílò omi. Bó ṣe jáde ni mo yọ ìgò fínígà lápò. Bàbá náà ké. Mo ní kó mú un mọ́ra, oògùn ni. Ẹ gbọ́ o, oògùn ni mo pè é! Nígbà tí dókítà fi máa dé, yẹ́lò ló bá. Bíríkìlà ní ó ń dun òun. Dókítà ní, "Báńdéèjì yìí kì í purọ́, bàbá," ó sì kọjá.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kán an. Lọ́jọ́ kejì, mo ti mọ̀ pé ọṣẹ kọ́. Òórùn ti ń jáde. Mo mọ̀, mo sì tún kán an. Nígbà tí wọ́n fi máa tú u, kòkòrò ti gòkè dé itan. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà, bàbá ò sì jí mọ́. Ọmọ rẹ̀ dì mọ́ mi, ó ń dúpẹ́ pé mo gbìyànjú. Mo gba ọpẹ́ náà.

Ní báyìí, ìtọ̀ ṣúgà ti dá egbò sí èmi náà lẹ́sẹ̀, wọ́ọ̀dù kan náà ni mo dùbúlẹ̀ sí. Ó ń jó mi bí iná. Yẹ́lò ni báńdéèjì mi. Láàárọ̀ yìí, mo tẹ̀ ba, mo gbóòórùn rẹ̀. Fínígà ni. Orúkọ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí mo kọ́ ló wà létí rẹ̀. Mo sọ fún dókítà pé ó ń dùn mí. Ó wo àwọ̀ rẹ̀, ó ní, "Ó ń san, ìyá." Bí mo bá fẹ́ kó tú u, àfi kí n sọ bí mo ṣe mọ̀.

Ọmọ bíríkìlà, mi ò ní tún parọ́ fún ọ. Bí kì í bá ṣe ti ẹsẹ̀ mi, bóyá mi ò ní sọ ọ́ láé. Dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Ẹ̀yin ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń di egbò, bó bá di aró, ẹ jẹ́ kó di aró. Ìfọṣọ ò pààyàn.

Mo ti ní kí wọ́n pe dókítà padà. Ìwé yìí ni màá nà sí i. Mo ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀.