Ibi Tí Mo Kọ́ Ilé Ìgbẹ́ Sí

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí kí ẹ tó bú mi. Ohun kan wà nínú mi tí ọkọ mi kú láìmọ̀. Àwọn ọmọ mi kò mọ̀. Pásítọ̀ wa kò mọ̀. Ǹ bá gbé e lọ sí sàréè, ṣùgbọ́n àbúrò ọkọ mi tí mo ṣẹ̀ ti dùbúlẹ̀ àìsàn sínú ilé mi báyìí, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́. Ọpẹ́ yẹn ló fẹ́ pa mí.

Tíṣà ni mí, Ìbàdàn ni wọ́n ti bí mi. Èkó ni èmi àti ọkọ mi ń gbé nígbà tí àwọn sójà gba ìjọba, tí wọ́n ní nǹkan ò rọgbọ mọ́, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá òṣìṣẹ́ dúró. Ọkọ mi wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dá dúró. Nígbà tí onílé kò lè mú gbèsè owó ilé wa mọ́ra mọ́, ọkọ mi ní ká padà sí ilé bàbá òun ní Àgbádárìgì.

Ilé náà ti gbó. Afẹ́fẹ́ òkun ti jẹ páànù rẹ̀, igi fèrèsé ti jẹrà, ṣáláńgá ẹ̀yìnkùlé nìkan ló sì ní, pákó orí rẹ̀ ń mì. Ọkọ mi là á sílẹ̀ fún mi pé òrùlé ni ká kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà fèrèsé, lẹ́yìn náà kànga. Ó ní ọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ́ inú ilé dìgbà tí òun bá ráyè. Ó sì kìlọ̀ fún mi pé kí n má fọwọ́ kan yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n sin ìyàwó kékeré bàbá òun sí. Ó wá kọjá sí Kútọnu lọ wá iṣẹ́. Kò pẹ́ sígbà náà tí àwọn sójà ti ibodè pa. Ọkọ mi há sọ́hùn-ún. Ó ku èmi, àwọn ọmọ, oyún inú mi àti bíríkìlà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi náà. Ikùn mi ti yọ gan-an. Bí mo bá lóṣòó lórí pákó yẹn, àyà mi á máa já. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ mọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyún nìkan. Mo ti fọ́nnu fún àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ní Èkó pé ilé ńlá là ń kó lọ. Mi ò fẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn wá kí mi, kí n wá máa nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé fún un. Ìgbéraga ni. Mo ní ilé ìgbẹ́ la máa kọ́kọ́ ṣe.

Òjò ń rọ̀ lé àwọn ọmọ mi lórí. Obìnrin kan ládùúgbò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyàwó Èkó, òjò ń pa yín nínú ilé, ilé ìgbẹ́ lẹ ń kọ́. Ṣé ibẹ̀ lẹ máa sá sí ni?" Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú bí mi.

Sìmẹ́ńtì wọ́n bí ojú nígbà náà. Ìwọ̀nba tí mo rí kò lè kọ́ yàrá tuntun. Yàrá kékeré yẹn nìkan ló súnmọ́ ibi tí kòtò lè wà. Mo rò ó, mo tún un rò. Mo sọ fún ara mi pé òkú ò mọ nǹkan kan.

Sàréè náà kò ga. Ilẹ̀ tí wọ́n rẹ́ dán ni, wọ́n wá ri àwo tánganran kan mọ́ ọn lójú láti fi ṣe àmì. Kí bíríkìlà tó dé, mo fi ọ̀bẹ yọ àwo náà fúnra mi. Ìkógà ni bíríkìlà ti wá, kò mọ ìtàn ilé. Mo sọ fún un pé yàrá ìkẹ́rùsí ni. Níbi tó ti ń gbẹ́lẹ̀ fún páìpù, ṣọ́bìrì rẹ̀ hú aṣọ funfun kan jáde tó ti jẹrà. Ó dúró, ó wò mí.

"Ìyá, kí lèyí?"

"Àkísà ni. Ààtàn àwọn ará àtijọ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ máa gbẹ́ ẹ lọ."

Ó gbẹ́ ẹ lọ.

Mo ní kó fi ògiri pín yàrá náà sí méjì. Ilé ìgbẹ́ wà ní apá kan, lórí obìnrin yẹn gan-an. Ní apá kejì tó ṣófo, mo ri àwo náà sínú sìmẹ́ńtì tútù, bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ibodè tí ọkọ mi dé, ó wò ó títí. Ó ní òun rò pé ìhà ọ̀hún ni. Mo ní ògiri tuntun ló ń tàn án lójú. Iléèwé ló wà ní Èkó nígbà tí wọ́n sin ìyá náà, nítorí náà ó gbà mí gbọ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá náà bí, àbúrò ọkọ mi obìnrin tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀. Mo ń pè wọ́n ní Eyínfúnjowó, nítorí a kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n nígbà tí ìyá wọn kú, àwọn ẹbí ìyá wọn ní Àjídò ló sì tọ́ wọn dàgbà. Wọn ò mọ ojú ìyá wọn. Kò sí fọ́tò kankan. Sàréè yẹn ni gbogbo ohun tí wọ́n ní.

Lẹ́yìn tí ọkọ mi dé ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Àjídò, wọ́n á gbé ẹja yíyan wá fún èmi àti àwọn ọmọ. Wọ́n á kúnlẹ̀ síbi àwo náà, wọ́n á máa fi Ègùn bá ìyá wọn sọ̀rọ̀: "Onọ̀ ṣié, onọ̀ ṣié," ìyẹn ìyá mi, ìyá mi. Wọ́n á ròyìn ọjà fún un. Wọ́n á gbé ọmọ-ọmọ wọn hàn án. Lẹ́yìn náà wọ́n á wọ ilé ìgbẹ́, kí wọ́n tó lọ wọ ọkọ̀ ojú omi padà.

Wọ́n jáde lọ́jọ́ kan, wọ́n gbá mi lọ́wọ́ mú. "Ìyàwó mi, o kú iṣẹ́ ilé ìgbẹ́ yìí o. Etí ọ̀sà làwa ṣì ń lọ ní Àjídò."

Mo fẹ́ sọ ọ́ nígbà tí ọkọ mi ń kú lọ. Ó ní kí n tọ́jú ilé, kí n tọ́jú àbúrò òun. Mo ní mo gbọ́.

Sójà mìíràn ló ń ṣèjọba báyìí, ilé ìwòsàn ò sì ní oògùn. Gbogbo ara Eyínfúnjowó ló ti wú. Àwọn ọmọ wọn gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi, nítorí dókítà súnmọ́ wa ju Àjídò lọ. Eyínfúnjowó ní kí n tẹ́ ẹní fún àwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àwọn. Mo tẹ́ ẹ. Wọ́n pe àwọn ọmọ wọn jọ lójú mi, wọ́n ní, "Ibí ni kí ẹ sin mí sí, kí n lè sùn ti ìyá mi. Ìyàwó mi mọ ibẹ̀ dáadáa." Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti bá mi. Mò ń bẹ̀rù ìtìjú, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń pa mí lẹ́kún. Ohun tó ń pa mí lẹ́kún ni pé obìnrin yìí máa dá sùn nínú yanrìn lásán, tí yóò sì rò pé ìyá òun wà nítòsí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi dá sí i. Bí mo bá sọ fún wọn, ṣé kí n fi ohun tí wọ́n ti ń ṣe lórí ìyá wọn láti ọdún wọ̀nyí pa wọ́n kí àìsàn tó pa wọ́n ni? Bí mi ò bá sọ, ta ló máa dárí jì mí? Wọ́n ní ẹ̀rù ikú ò ba àwọn mọ́, nítorí àwọn mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí àwọn ń lọ.

Ẹ má jẹ́ kí èsì yín pẹ́. Bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n ń pè mí láti orí ẹní. Wọ́n fẹ́ kí n di àwọn mú lọ sí ilé ìgbẹ́.