Àwọn Ọmọ Méjì Tó Jọ Kàwé Lórí Tábìlì Mi

Nígbà tí orúnkún mi ṣì gbà mí láyè láti sáré, àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà níbí ló ń wá àwa ọmọ Nàìjíríà kiri. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn ló ń wá wa! Bọ́lánlé, ìwọ ọmọ àbúrò mi tóo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé, jókòó dáadáa. O bi mí bóyá ọmọ tó ti òkè òkun wá lè rí ibi wọ̀ nínú àwọn ilé ìwé ńláńlá yìí. Màá sọ fún ẹ. Àmọ́ má retí kí n fi oyin sí i.

Lọ́jọ́ tí èmi àti ọkọ mi dé Houston... kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn... bàbá òyìnbó kan láti ilé ìwé ló wá pàdé wa níbi tí bọ́ọ̀sì já wa sí. Òun ló ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Ó gbé kóòtù ìyàwó rẹ̀ dání fún mi, torí ó gbọ́ pé ará Nàìjíríà kì í ní kóòtù. Kóòtù, ní Houston! Òógùn bò mí, mo sì wọ̀ ọ́ nítorí ìtìjú. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀. A ti ń retí yín."

Ẹ gbọ́ o. A ti ń retí yín. Ta ló ń sọ ìyẹn fún ọmọ Nàìjíríà lónìí?

Bàbá mi ti sọ ọ́ fún mi kí n tó kúrò nílé. Wọ́n dì mí mú léjìká, wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, ìwé ni kóo gbájú mọ́. Ẹni tó bá mọ̀wé, kò síbi tí wọn ò ti ní gbà á." Mo gbà wọ́n gbọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gbà wọ́n gbọ́.

Ó di ìgbà tí Gbádébọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wá síbí. Iṣẹ́ ẹnjiníà ló mú un wá, físà iṣẹ́ ni wọ́n fún un. Morẹ́nikẹ́ ọmọ rẹ̀ kéré nígbà náà, eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà ni. Àdúgbò Brays Oaks ní Houston ni wọ́n ń gbé, àmọ́ ọ̀dọ̀ mi ní Cypress níbí ni ọmọ náà ń wà ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, torí òun àti Káyọ̀dé, ọmọ ọmọ mi, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Houston níbí ni wọ́n bí Káyọ̀dé sí.

Orí tábìlì ìjẹun yìí gan-an ni wọ́n ti ń kàwé. Káyọ̀dé kì í ṣe olódo o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Àmọ́ ta ló ń ṣàlàyé ìṣirò fún ta? Màá máa dín dòdò, màá máa gbọ́ Morẹ́nikẹ́: "Kay, tún un ṣe. O ti fo ìlà kan." Káyọ̀dé á ké sí mi, "Grandma, she's bullying me o!" A ó máa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n parí ilé ìwé gíga, Morẹ́nikẹ́ ló ń gba ipò kìíní nílé ìwé tiẹ̀. Tíṣà tó ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn lórí yunifásítì wá pè wọ́n. Gbádébọ̀ ní kí n bá àwọn lọ. Mo wọ ìró àti bùbá, mo wé gèlè, torí mo rò pé ayọ̀ la fẹ́ lọ gbọ́.

Obìnrin náà ò níkà nínú. Ojú ń tì í. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ìwé tí ọmọ yín ń fẹ́ ló máa kà á mọ́ àjèjì. Kò ní green card, ìwé ìgbélùú; abẹ́ físà bàbá rẹ̀ ló wà."

Morẹ́nikẹ́ ní, "Mà, ibí ni mo ti dàgbà. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí."

Ó ní, "Èmi mọ̀ ẹ́. Àwọn ò mọ̀ ẹ́." Ó wá ṣàlàyé pé àyè àwọn àjèjì ò pọ̀, gbogbo ayé ló sì ń dù ú. Tí àjèjì bá tún wá ní òun ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ láti sanwó ilé ìwé, ọ̀pọ̀ wọn á fi ìyẹn rò ó wò kí wọ́n tó gbà á. Ọmọ ibí tó bá tọrọ ohun kan náà, púpọ̀ nínú wọn ò ní tìtorí ẹ̀ lé e.

Ṣé ẹ rí i? Ìwé kan náà ni wọ́n kà. Ìdánwò kan náà ni wọ́n ṣe. Ẹnu ọ̀nà ló yàtọ̀.

A wọ mọ́tò. Gbádébọ̀ ń wakọ̀ lórí freeway bí ẹni tó ń ti ibi ìsìnkú bọ̀. Nígbà tó yá, ọmọ náà ní, "Dádì, ṣé ká má wulẹ̀ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sáwọn yunifásítì yẹn mọ́ ni?"

Gbádébọ̀ ní, "A ó fi ránṣẹ́. Wọn ò ní rí i sọ pé a ò kanlẹ̀kùn."

Wọ́n fi ránṣẹ́. Ilé ìwé kan wà tí Morẹ́nikẹ́ àti Káyọ̀dé jọ ń fẹ́, níbi tí yìnyín ti ń bọ́. Lọ́jọ́ tí èsì jáde, wọ́n ní ọ̀dọ̀ mi làwọn ti máa wò ó. Káyọ̀dé kọ́kọ́ ṣí tiẹ̀. Wọ́n gbà á! Ìyá rẹ̀ figbe bọnu. Morẹ́nikẹ́ fò mọ́ ọn, ó ń jó. Lẹ́yìn náà, ó ṣí tiẹ̀.

Ó kà á. Ó rọra pa kọ̀mpútà dé. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ n bá yín bẹ iṣu yẹn."

Ẹ gbọ́... ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tì sẹ́yìn, iṣu ló ní òun fẹ́ bẹ. Mo mú ọ̀bẹ fún un. Ó ń bẹ ẹ́, omi ojú ń kán sórí iṣu. Káyọ̀dé wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì. Ó ní, "Grandma, òun ló kọ́ mi. Òun ló kọ́ mi gbogbo ẹ̀." Ìyá rẹ̀ ń pè é pé kó wá ya fọ́tò. Kò lọ.

Àwọn yòókù náà kọ Morẹ́nikẹ́, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan. Èyí tí kò kọ̀ ọ́ ní kó ṣì dúró ná, bóyá àyè á yọ. Àyè wo? Kò yọ. Ẹ sì wá wo bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ báyìí, wọ́n á pọ́n ẹ lé, wọ́n á yìn ẹ́, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ, wọ́n á sì tìlẹ̀kùn. Láyé ìgbà tiwa, ẹni tó bá fẹ́ lé ẹ á lé ẹ, wàá sì mọ̀ pé wọ́n lé ẹ.

Yunifásítì kan péré ní Houston níbí ló ní kó wá. Àmọ́ lọ́yà ti sọ fún Gbádébọ̀ pé tí Morẹ́nikẹ́ bá ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, kò lè wà lábẹ́ físà bàbá rẹ̀ mọ́, ìwé ìgbélùú wọn ò sì tíì jáde. Á wá di ẹni tó ń tọrọ físà akẹ́kọ̀ọ́ nílùú tó dàgbà sí. Morẹ́nikẹ́ ní, "Màmá, ó ti sú mi kí n máa bẹ̀bẹ̀ láti wà nílé mi." Yunifásítì kan ní Kánádà gbà á, wọ́n sì ràn án lọ́wọ́ lórí owó ilé ìwé. Ó lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí. Ó ní nínú kíláàsì wọn, wọ́n ní kí kálukú sọ ibi tó ti wá.

Mo ní, "Kí lo sọ?"

Ó ní, "Mo ní Houston. Ọmọ kan bá ní, 'Ah, ará Amẹ́ríkà!' Mo kàn rẹ́rìn-ín ni, Màmá."

Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, Bọ́lánlé, fi ránṣẹ́. Fi ránṣẹ́ síbi tó le, fi síbi tó rọ̀, má sì fojú di Kánádà. Béèrè ní gbangba, kóo tó bẹ̀rẹ̀ wàhálà, irú ojú tí wọ́n fi ń wo àjèjì tó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Tí wọ́n bá sì kọ̀ ẹ́, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ẹ́ pé orí ẹ ni ò pé.

Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ṣé ẹ mọ̀? Wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí ni mo ti ṣiṣẹ́ nílùú yìí. Ọmọ tí mo bá fọwọ́ ara mi gbà lówùúrọ̀, kó tó dọ̀sán, ó ti di ọmọ ilẹ̀ yìí. Kò ṣèdánwò. Kò kọ àròkọ kankan. Igbe lásán ló ké.

Hùn...