Ohun Tí Mo Dà Sínú Agolo Páúdà Orrin

Mo ń rán etí àpò kan lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ìròyìn ikú Orrin Stutzman dé. Twila, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, ló pè mí lórí fóònù. "Àǹtí Verda, bàbá mi ti lọ." Abẹ́rẹ́ gún mi ní àtàǹpàkò, n kò sì mọ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi kán sórí awọ. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè jókòó pẹ́ síbì kan. Mo ń ti ilé ìdáná bọ́ sí ìloro, mo ń ti ìloro padà sílé ìdáná, omi kọfí á hó títí á fi gbẹ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu mi. Bí mo bá gbé e wọ sàréè, ẹni tó ṣì wà láàyè ni yóò máa jìyà rẹ̀.

Èmi ni mo ń rán àpò iyanrìn fún àwọn ará pápá ìyìnbọn wa. Nínú ìdíje wa, a kì í fi agbára di ìbọn mú. Orí tábìlì ló ń sùn sí, lórí àpò méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn tó ní etí méjì bíi ti ehoro. Bó bá dún, yóò yọ̀ sẹ́yìn wọ́ọ́rọ́wọ́, a ó sì tì í padà sáyè rẹ̀. Ihò ọta márààrún gbọ́dọ̀ wọnú ara wọn lórí pépà bí ẹni pé ẹyọ kan ni. Bí àpò bá di ìbọn mú, bó ti wù kó kéré tó, ìbọn á fò, ihò á fọ́nká. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi páúdà ọmọ ọwọ́ pa etí àpò. Harlan ọkọ mi a máa bù ú lé e gbùà. Orrin ní tirẹ̀ ń fi ìka mẹ́ta pa á jẹ́jẹ́, bí ẹni ń pa ìpara fún ìkókó.

"Harlan, ṣé o fẹ́ yìnbọn ni àbí o fẹ́ fi ìyẹ̀fun dín ẹja?"

"Ẹja ni. Ẹni tó bá kẹ́yìn lónìí ló máa fọ abọ́."

"Ó dára. Ṣé o mú ọṣẹ wá?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bára wọn ṣeré láti ilé ìwé ìjọ tí gbogbo wa jọ lọ. Harlan kò sì borí Orrin rí. Nígbà tí ewé ń wọ́ lọ́dún kan, dókítà sọ fún wa pé ẹ̀dọ̀fóró Harlan kò ní í gbé e kọjá ìgbà yìnyín. A fẹ́rẹ̀ẹ́ délé nígbà tí Harlan yíjú sí mi nínú ọkọ̀. Ó wá ní, "Verda, ì bá wù mí kí n borí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré."

Èmi ni mo ń ta fayolíìnì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Oje igi gbígbẹ kan wà tí a fi ń pa ọ̀pá tí à ń wọ́ lórí okùn rẹ̀, kí ó lè máa di okùn náà mú. Bí a bá lọ̀ ọ́, funfun ni, kò yàtọ̀ sí páúdà lójú. Mo lọ̀ ọ́ kúnná. Lọ́jọ́ ìdíje, nígbà tí Orrin lọ tún àsíá tó fi ń mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ṣe, mo dà á sínú agolo rẹ̀, mo mì ín pọ̀. Ọ̀sán gangan ni. Búrẹ́dì Harlan wà lọ́wọ́ mi kejì. Kò sí ẹni tó fura sí mi. Ta ni yóò fura sí ìyàwó tó ń gbé oúnjẹ kiri?

Ìbọn Orrin bẹ̀rẹ̀ sí í fà lórí àpò. Ihò kan gòkè, èkejì sọ̀kalẹ̀. Harlan gba ife ẹ̀yẹ, ó gbé e lé itan títí a fi délé bí ẹni gbé ọmọ. Ṣùgbọ́n kí a tó kúrò ní pápá, mo ti ṣe èyí tó burú ju ti agolo lọ.

Ní pápá wa, bí ìbọn bá ń fà, ẹni tó rán àpò là ń gbé àpò náà lọ bá. Ohun tó bá sọ, ibẹ̀ lẹjọ́ parí sí. Orrin gbé tirẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn ọkọ̀. "Arábìnrin Verda, bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé àpò ni, àbí èmi ni?" Mo fi àtàǹpàkò ra etí àpò náà. Ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo sì mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù: àrùn ọwọ́ gbígbọ̀n ló pa bàbá rẹ̀, ọkùnrin náà kò lè fi ṣíbí kan ẹnu ara rẹ̀ mọ́ kó tó kú. Ǹ bá ti sọ pé, "Nù ún, páúdà rẹ ló bàjẹ́." Ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Àpò kò ṣe nǹkan kan, Orrin. Bóyá ọwọ́ rẹ ni."

Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó ń wò ó. "Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára bàbá mi náà nìyẹn," ló wí.

Mo bá a nu àpò náà mọ́. Mo da agolo nù, mo fún un ní tuntun. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Kò jókòó sí tábìlì mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tí Harlan kú ní ìgbà yìnyín, Orrin wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ lára irin pósí náà. Kò gbọ̀n. Mo rí i, mo sì dákẹ́ fún gbogbo ọdún tó kù fún un láyé.

Lẹ́yìn ìsìnkú Orrin, nígbà tí a ń jẹun nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, Twila jókòó tì mí. "Dókítà ní ọkàn ló pa á. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n rí, Àǹtí. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń retí ẹ̀. Ó ní àrùn náà wà nínú ìdílé wa, pé kí n rò ó dáadáa kí n tó bímọ. Ọkọ mi ṣì ń bẹ̀ mí. Mo ṣì ń sọ pé rárá."

Mo ní mo fẹ́ lọ bu kọfí. Mo jáde, mo ń yí ọkọ̀ mi po bí ajá tó ń wá ibi tí yóò sùn sí.

Nígbà tó yá mo lọ sílé Twila, mo sọ gbogbo rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ìta. Kò sunkún. Ó ní, "Ẹ tún un sọ. Ẹ̀yin lẹ sọ fún bàbá mi pé ọwọ́ ẹ̀ ni?"

"Èmi ni."

"Ọwọ́ ẹ̀ ò sì ṣe nǹkan kan?"

"Kò ṣe nǹkan kan, ọmọ mi."

"Ẹ má pè mí lọ́mọ yín lónìí." Ó dìde. "Mi ò mọ̀ bóyá mo lè dárí jì yín. Ẹ wá sọ ọ́ ní pápá, níwájú gbogbo ará ibẹ̀."

Mo sọ ọ́. Mo dá ife Harlan padà. Ó wúwo ju bí mo ti rántí lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu mi: ẹni tó bá bi yín léèrè nítorí pé ó gbẹ́kẹ̀ lé yín, ẹ má fi ìbẹ̀rù rẹ̀ dá a lóhùn. Ẹ foríjì mí bí ẹ bá lè ṣe é.

Twila ti gbé ìbọn bàbá rẹ̀ wá, èyí tí Orrin kò tà. Mo ti tú etí àtijọ́ kúrò lára àpò Orrin, mo ti rán tuntun sí i, èyí tí ẹ̀jẹ̀ mi kán sí. Mo gbé e sórí tábìlì Orrin. Mo fi ìka mẹ́ta bu páúdà, mo pa á jẹ́jẹ́, etí kan, lẹ́yìn náà èkejì. Twila gbé ìbọn lé e. Mo tì í sẹ́yìn, ó yọ̀, kò fà rárá. Mo tì í padà sáyè rẹ̀, mo sì kúrò lọ́nà kí Twila lè jókòó.