Ẹ̀rọ Tí Mo Tú Tí N Kò Lè Tò

Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún mi. Wọn kì í pa ọ̀daràn mọ́ nílẹ̀ wa, nítorí náà inú yàrá yìí ni màá gbó sí, inú rẹ̀ ni màá sì kú sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, mo sun ọmọ ọlọ́mọ mọ́lé. N kò wá owó, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Òfíntótó ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Láti kékeré, n kì í rí ohun tí a dé kí n má fẹ́ ṣí i. Mo tú tọ́ọ̀ṣì bàbá mi rí, kí n lè mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń sá lọ bí a bá pa á. Ó nà mí dáadáa.

Nígbà tí mo dàgbà, mo di gádíẹ̀n, olùṣọ́ kọlẹ́ẹ̀jì kan lẹ́sẹ̀ òkè ní Daasà. Wọ́n kó kọ̀ǹpútà alágbèéká, tí àwa ń pè ní ọ̀dínátọ̀, wá fún àwọn ọmọ láti fi kẹ́kọ̀ọ́. Yàrá kan ni wọ́n ń kó o sí. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ mi, èkejì wà lọ́wọ́ Pélají, ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ìlú Kèrè, tó ń pín wọn ní kíláàsì. Dirẹ́tọ̀, ọ̀gá ilé ìwé náà, ní ẹni tó bá ba ọ̀kan jẹ́, ọlọ́pàá ni yóò bá sọ̀rọ̀.

Mo máa ń yọjú lójú fèrèsé. Àwọn ọmọ ń wo òkè Daasà wa láti ojú sánmà! Báwo ni òkè ṣe wọ inú ohun pẹlẹbẹ yẹn? Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n gbádùn oúnjẹ.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo mú irin tẹ́ẹ́rẹ́, mo tú ọ̀kan. Háà! Abẹ̀bẹ̀ kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò ju ọmọrí ìgò lọ. N kò rí òkè kankan. Mo rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ tò ó padà, okùn kan kọ̀, kò wọlé mọ́, ìṣó yíyí mélòó kan sì ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́. Mo tẹ ẹ̀rọ náà títí, kò tàn. Mo tì í sẹ́yìn àwọn yòókù.

Pélají rí i lọ́jọ́ Ajé. Ó wá bá mi lábẹ́ máńgòrò.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá. Ta ló tú ọ̀dínátọ̀ kan?"

"Ṣé èmi ni mò ń lò ó?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mi ò ní sọ fún Dirẹ́tọ̀. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Kí lẹ rí nínú rẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó kù díẹ̀ kí n sọ̀rọ̀ abẹ̀bẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí, mo jágbe mọ́ ọn: "Lọ sí kíláàsì rẹ!"

"Ẹ má bínú, Bàbá." Ó wo agolo tí mo kó ìṣó sí, ó wo ojú mi, ó sì lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, agolo náà ti ṣófo. N kò bi ara mi léèrè ẹni tó kó o.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Dirẹ́tọ̀ ní òun yóò yẹ gbogbo ẹ̀rọ wò bí wọ́n bá ti ibi oúnjẹ ọ̀sán dé. Mo ní, bí gbogbo rẹ̀ bá jóná, ta ni yóò mọ èyí tí mo tú? Wọn á ní iná mànàmáná ni. Nígbà tí wọ́n lọ jẹun, tí ilé ìwé dá páropáro, mo gba ẹ̀yìn yàrá náà lọ, mo da ẹsáńsì, epo ọkọ̀, sí fèrèsé onígi rẹ̀, mo ṣáná sí i. Èmi tí mo máa ń yọjú sí ohun gbogbo, n kò yọjú wo inú yàrá yẹn.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ké nínú rẹ̀: "Bàbá!" Kí n tó yí dé iwájú, iná ti gba ẹnu ọ̀nà.

Ní kóòtù, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan síwájú adájọ́. Abẹ́ òkú Pélají ni wọ́n ti bá a, kò jóná tán. Ó dé pinpin, gbogbo ìṣó rẹ̀ pé.

Ìyá rẹ̀ ń sunkún. "Kí ni ọmọ mi ń wá níbẹ̀ lọ́sàn-án?"

Èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n. Mo dìde, mo jẹ́wọ́: "Ìyá, ó ń bá mi tún ohun tí mo bà jẹ́ ṣe ni."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, n kò ní kí ẹ má ṣòfíntótó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tú ohun tí ẹ kò lè tò, mo bẹ̀ yín, ẹ ké sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ̀rù má sọ yín di apànìyàn bíi tèmi. Títí dòní mo ṣì ń rò ó: okùn tó kọ̀ fún mi yẹn, báwo ni Pélají ṣe mú un wọlé? Ká ní mo bi í ni, ì bá fi hàn mí.