Lẹ́tà G Tí Mo Fá Irùngbọ̀n Rẹ̀

Ẹ má bínú sí bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Prámárì mẹ́rin péré ni mo kà, ọ̀rọ̀ tí mo sì ń tò láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni. N kò kọ ti ara mi rí. Ibi tí ó bá ti wọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ lọ́kàn yín.

Adájọ́ jù mí sí ẹ̀wọ̀n gbére. Inú ilé yìí ni n ó wà títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Lọ́yà tí ìjọba fún mi ní kí n jẹ́ kí a pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, mo ní rárá. Ó bi mí ní ìdí rẹ̀, n kò lè dá a lóhùn. Ìdáhùn náà ni mo ń kọ yìí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni mo sì ń kọ ọ́ sí.

Ẹ̀gbẹ́ Ìwó ni wọ́n ti bí mi. Nígbà tí bàbá mi kú, tí gbogbo ilé ń pariwo Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ ọjà di ọ̀wọ́n, tí gàrí pàápàá di ohun tí à ń ṣírò kí a tó jẹ, ìyá mi ní kí n wá bá ẹ̀gbọ́n òun ní Àtàn nítòsí Ọ̀tà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló bá mi wá iṣẹ́ gbígbálẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣàngó Ọ̀tà. Kò pé ọdún kan tí ilé iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ fi tì, ni àwọn méjèèjì bá kó ẹrù padà sílé. Wọ́n fi yàrá náà sílẹ̀ fún mi. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo lè wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́ láìgbọ́ ohùn ara mi.

Ojú máa ń tì mí púpọ̀. Ní ibi iṣẹ́, Odi ni wọ́n ń pè mí. Láńre tó ń wa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

“Odi, ṣé o ti jẹun?”

Mo mi orí.

“Ẹ wò ó, ó gbọ́ o! Odi tiwa kì í ṣe adití!”

Wọn a bú sẹ́rìn-ín. N kò bínú. Ó sàn ju kí wọ́n má pè mí rárá lọ.

Lẹ́tà òjé ni à ń lò nígbà náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju eyín ọmọdé lọ, a ó tò wọ́n ní ẹyọ ẹyọ kí a tó tẹ̀ ẹ́. Òkèèrè ni wọ́n ti ń rà wọ́n wá, owó wọn sì ti kọjá agbára ọ̀gá wa. Nítorí náà, ẹni tó bá gbálẹ̀ kò gbọdọ̀ da ìdọ̀tí nù láìyẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́tà tó bá já bọ́, kí ó ṣà á, kí ó dá a padà sínú àpótí rẹ̀. Àwọn tó gbálẹ̀ ṣáájú mi a kàn da gbogbo rẹ̀ sínú agolo kan. Èmi ń dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sílé. Ní ọjọ́ kan, Bàbá Adéwọlé, àgbà tó ń to lẹ́tà, gbé ọ̀kan sókè sí ojú fèrèsé.

“Ta ló kó àwọn wọ̀nyí padà?”

Láńre fi àgbọ̀n tọ́ka sí mi.

“Ìwọ? Ta ló kọ́ ọ?”

“Kò sẹ́ni, Bàbá.”

“R yìí àti ti inú àpótí kejì, ọgbọọgba ni wọ́n. Báwo lo ṣe mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà kọ́ ni wọ́n?”

“Ẹsẹ̀ wọn ni, Bàbá. Èyí na ẹsẹ̀ jáde bí ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Ìyẹn dúró gbọnyin bíi sójà.”

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. “Odi ti sọ̀rọ̀ o!”

Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọ́ mi. Ó fi hàn mí pé àwọn lẹ́tà kan wọ bàtà, ìlà kékeré lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, àwọn kan ò wọ̀. G kékeré ti àpótí kan dà bí awò ojú, ti òmíràn ká ìdí bí ìwọ̀ ẹja. Orí t kan mú ṣóńṣó, òmíràn sì dà bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. G ńlá kan ní irùngbọ̀n ní àgbọ̀n rẹ̀, òmíràn fá tirẹ̀ mọ́. Bí mo bá ra ẹ̀pà lọ́nà, n ó tú ìwé tí wọ́n fi wé e, n ó máa wò ó títí n ó fi délé. Nígbà tí ojú Bàbá kò gbé e mọ́, ó lọ sinmi lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, àga rẹ̀ sì di tèmi.

Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo fi lẹ́tà pa, àánú ló fi bojú wá. Bàbá kan wọlé, ilé iṣẹ́ aṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́ ti kógbá sílé.

“Ọmọ mi, ibi tí mo fẹ́ wọ̀ ní kí n mú ìwé ẹ̀rí wá láti ibi tí mo ti wá. Àgádágodo ló wà lẹ́nu géètì ibẹ̀ báyìí. Ta ni yóò kọ ọ́ fún mi?”

Ó mú àpò ìwé gbígbó kan jáde tí orúkọ ilé iṣẹ́ náà wà lórí rẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ R, mo wo orí t, mo mọ àpótí tí wọ́n wà. Mo to orúkọ náà sí orí ìwé ẹ̀rí kan, Láńre tẹ̀ ẹ́, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Bàbá náà di ọwọ́ mi mú.

“Kí ni orúkọ rẹ?”

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí. Mo sọ ọ́. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣàdúrà sí i. Gbogbo ọ̀nà ni mo ń gbọ́ ọ létí títí mo fi dé Àtàn.

Ọ̀gá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Kò bá mi wí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó mú ọkùnrin kan wá tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ọkùnrin náà tẹ́ ìwé ara ìgò oògùn kan sórí tábìlì mi, ti oògùn ibà olómi fún àwọn ọmọdé.

“Ilé iṣẹ́ olóògùn ló rán mi,” ó wí. “Ìwé ara ìgò wọn ti tán, owó òkèèrè ò sì jẹ́ kí wọ́n kó òmíràn wọlé.”

Irọ́ ni, mo sì mọ̀ ọ́n ní kété tí mo fọwọ́ kàn án. Ẹni tí ilé iṣẹ́ bá rán, ìwé tó mọ́ ni yóò mú wá. Èyí rọ̀, gọ́ọ̀mù ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Inú omi ni wọ́n rẹ ìgò sí kí wọ́n tó bó o.

“Ṣé o lè ṣe é?” Ọ̀gá bi mí.

Mo lè sọ pé n kò lè ṣe é. Àmọ́ ohun tí mo sọ ni pé, “Gbogbo rẹ̀ ló wà nílé, sà, àfi G ńlá yìí. Tiwọn ò ní irùngbọ̀n.”

“G náà ń hu irùngbọ̀n ni?”

“Ẹ jẹ́ ká bá a pe onígbàjámọ̀!” Láńre kígbe.

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà rín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n bá mi rẹ́rìn-ín, tí kì í ṣe pé wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Nítorí ẹ̀rín yẹn ni mo ṣe mú fáìlì tí a fi ń fá irin. Mo fá irùngbọ̀n G náà. Ní ìparí, ọwọ́ mi yẹ̀, fáìlì sì ṣá a ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́, ìlà funfun tín-ín-rín kan hàn níbẹ̀. Mo fi han Ọ̀gá.

“Ta ni yóò rí i?” ó wí. “Ìwọ nìkan lo máa ń rí irú ẹ̀.”

Ní ilé tí mo ń gbé ní Àtàn, ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń wá sọ́dọ̀ mi. Ràfíà ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, yàrá ìyá rẹ̀ kọjú sí tèmi. A jọ máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà wo ìwé ẹ̀pà.

“Àǹtí, èyí wọ bàtà?”

“Ó wọ bàtà.”

“Èyí ńkọ́?”

“Ìyẹn ò wọ̀.”

“Ìyá rẹ̀ ò ra bàtà fún un!”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá Ràfíà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ara rẹ̀ gbóná.

“O káàbọ̀,” Ìyá Ràfíà wí. “Tóògéètì ni mo ti ra oògùn yìí. Bá mi ka bí wọ́n ṣe ní ká lò ó, ìwọ lo mọ̀wé.”

Mo gba ìgò náà. G ló kọ́kọ́ kọjú sí mi, pẹ̀lú ọgbẹ́ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ronú pé bí mo bá sọ ọ́, gbogbo ilé yóò jáde, wọn yóò yí mi ká, wọn yóò máa wo ojú mi. Mo sọ fún ara mi pé omi àti ṣúgà lásán ni yóò wà níbẹ̀, bí kò bá wò ó sàn, kò lè pa á. Mo wá kà á sókè.

“Ṣíbí kan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́.”

“O ṣeun, ọmọ dáadáa.”

Ojú mi ló ti fún un ní ṣíbí àkọ́kọ́. Ràfíà lá ẹnu, ó ní ó dùn.

Ní ọjọ́ Túsìdeè, ìyá rẹ̀ ní ibà náà ti ń rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ kò tọ̀ láti àárọ̀. N kò sọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, ojú ọmọ náà wú. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Ọ̀tà, ó sì kú kí oòrùn tó wọ̀. Ní kóòtù ni mo ti gbọ́ pé omi aládùn kan tí wọ́n ń lò ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ló wà nínú ìgò náà, ohun tí kò yẹ kó kan ẹnu èèyàn, àti pé Ràfíà nìkan kọ́ ló pa. Ọ̀gá náà wà lẹ́wọ̀n. Oníṣẹ́ẹ̀tì funfun, wọn ò rí i títí di òní.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Wẹ́sìdeè náà ni wọ́n sin ọmọ. Ìyá rẹ̀ padà sílé, ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà.

“O ṣé o,” ó wí fún mi. “Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ tó kà á fún mi. Ǹ bá máa rò pé èmi ni mo fún un lódìlódì.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, pàápàá ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ojú ń tì, wọn kò fi owó tàn mí. Ẹ̀rín àti ìyìn ni. Ẹni tí ebi ìyìn bá ń pa, kò ní í wo ohun tí wọ́n bù fún un kó tó jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ fún yín tí ọkàn yín sọ pé kò mọ́, ẹ kọ̀ ọ́. Bí ẹnu yín bá wúwo, ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ẹ jáde níbẹ̀. Bí ẹ bá sì ti ṣe é tán, ẹ má dúró di ìgbà tí ojú kò ní tì yín mọ́, nítorí ìgbà yẹn kì í dé. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń dúró dè é.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìsìnkú Ràfíà, mo kan ilẹ̀kùn gbogbo yàrá inú ilé wa. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ní oògùn ibà ọmọdé. Ìgò méjì ni mo rí gbà, mo sì da ohun tó wà nínú wọn sílẹ̀. Ilẹ̀kùn Ìyá Ràfíà ni mo kàn kẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀ sí iwájú rẹ̀, mo sọ ohun tí mo ṣe fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò pariwo. Ó mú gèlè rẹ̀, ó wé e, ó ní, “Dìde, ká lọ.” A fi ẹsẹ̀ rìn dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì títí wọ́n fi pè mí wọlé.