Ìwé Tó Ní Ọkọ Mi Ń Dúró

Ẹ fi mí sílẹ̀, Màmá Sương! Ẹ fi mí sílẹ̀ ni mo wí, àbí ẹ ò rí dòjé lọ́wọ́ mi? Ẹ̀yin kọ́ ni mo bá wá, ọkọ yín ni, òun tó jókòó síbẹ̀ yẹn tó ń wò mí bí ẹni ń wòran! Bàbá Khiêm! Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún yín sórí tábìlì kí n rí i. Ṣé ọwọ́ yẹn náà lẹ fi kọ ọ́ pé Thuyên ọkọ mi, ọmọ àbúrò yín obìnrin, ọmọ tí ẹ gbé jó, lè dá dúró, ó lè dá rìn, pé àìlera rẹ̀ fúyẹ́? Ó fúyẹ́! Èmi tí mò ń gbé e lójoojúmọ́ ni kí ẹ bi bó ṣe fúyẹ́ tó! Ẹ jẹ́ kí n gé ọwọ́ yẹn, kí àwa náà wá kọ ọ́ pé ó fúyẹ́!

Aáyù yín tí mo dà nù, kí ó dà nù! Ẹ wò ó, mo tún fẹsẹ̀ gbá èyí tó kù. Ìkòkò omi yín ńkọ́? Mo fọ́ ọ. Bí òmíràn bá wà lẹ́yìnkùlé, màá fọ́ ọ!

Oṣù mẹ́sàn-án! Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi ń lọ tí mò ń bọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba yẹn nítorí ìwé aláàbọ̀ ara rẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ gba ìwé dókítà lódìkejì òkun, mo wọkọ̀ ojú omi, mo bì títí ìfun mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde, mo gbà á wá, wọ́n ní òǹtẹ̀ rẹ̀ kò hàn. Mo padà lọ. Wọ́n ní wọn ò rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú fọ́tò. Mo tún yà á. Wọ́n wá ní ìgbìmọ̀ ń bọ̀ wá fojú ara wọn rí i nílé, ẹni mẹ́fà, ẹ̀yin lẹ sì dàgbà jù nínú wọn. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, ẹ gbọ́! Mo ní ẹbí wa wà níbẹ̀, ó tán, ó parí. Háà! Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu!

Ẹ̀yin tí ẹ wà létíkun lọ́jọ́ tí omi tẹ ọkọ mi! Ó wọ ìsàlẹ̀ òkun lọ wá ohun tí àwọn olówó ń jẹ, ó yára gòkè láti ibú jù, èyí tó máa ń sọ òmùwẹ̀ di arọ, láti ìdí dé àtẹ́lẹsẹ̀ sì kú mọ́ ọn lára. Ẹ̀yin lẹ gbé orí, èmi ni mo gbé ẹsẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré, ẹ ti gbàgbé?

Ẹ dákẹ́! Ẹ má sọ fún mi pé ẹ fojú yín rí i tó dúró. Èmi ni mo mú un dúró! Èmi òmùgọ̀ yìí! Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ló ní, "Ìyá Hậu, ẹ̀gbọ́n màmá mi ń bọ̀, mi ò lè dùbúlẹ̀ kí i. Gbé mi nàró." Mo ní rárá. Ó bú sẹ́kún. Àgbàlagbà ọkùnrin! Ni mo bá wọ́ ọ dé ìdí òpó ilé, mo mú bẹ́líìtì tó máa ń fi so òjé mọ́ra nígbà tó ṣì ń wọ omi, mo fi dè é mọ́ òpó ní ìbàdí àti lábẹ́ abíyá, mo fi ẹ̀wù funfun ìgbéyàwó wa bò ó. Ẹ wọlé, ó tẹrí ba fún yín. Ẹ ní, "Thuyên, ara ti ń yá o!" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Kí lẹ fẹ́ kí ó sọ? Ta ló ń sọ fún àgbà tó wá kí i pé òun ń kú lọ? Ẹ mu tíì mi, ẹ jẹ ẹ̀pà mi. Nínú ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ta ló ní kí ó gbé ẹsẹ̀ kan? Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo! Ẹ ò tíì jìnnà tí mo tú u, ó wó lù mí, ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ egbò tí ìdùbúlẹ̀ dá sí i nídìí ti rin ẹ̀wù yẹn gbindin.

Mo lọ sọ ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì fún akọ̀wé lánàá. Ó rẹ́rìn-ín! Ó ní èmi ni mo tan ìjọba jẹ, kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Oṣù mẹ́fà! Ìkúùkù mi ń wọ inú egbò ìdí rẹ̀! Ìwé yẹn ni wọn ìbá fi gbà á sílé ìwòsàn lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n gé ibi tó ti jẹrà kúrò. Ṣé ẹran tó ń rà yóò dúró de oṣù mẹ́fà?

Kí lẹ wí? Èmi ni mo dè é? Bẹ́ẹ̀ ni! Èmi ni, n ó sì máa jẹ ìyà rẹ̀ títí n ó fi kú! Ṣùgbọ́n ìwọ rí i! Bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ, Khiêm, kí gbogbo àdúgbò gbọ́! O rí bẹ́líìtì yẹn lẹ́yìn òpó. Ìyàwó rẹ sọ fún mi lọ́jà ẹja pé o délé o ò lè jẹun, pé o ní bí o bá sọ̀rọ̀, wọn ó ní ò ń gbè sẹ́yìn ẹbí. O fi ẹ̀mí ọmọ àbúrò rẹ ra orúkọ rere! Mo fi pẹpẹ àwọn baba ńlá ilé yìí búra, orúkọ náà yóò rà lójú rẹ kí o tó kú!

Gbà, dòjé rèé, mo jù ú sílẹ̀. Mi ò gé ọwọ́ ẹnì kankan mọ́. Kí lẹ rò pé mo fi kẹ̀kẹ́ ẹrù fà dé ẹnu géètì yìí? Aáyù? Ẹ ká tapólì yẹn kúrò lórí rẹ̀.

Thuyên, má sunkún. Ilé ẹ̀gbọ́n màmá rẹ lo wà.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí o fi máa wẹ egbò náà, Khiêm, láàárọ̀ àti lálẹ́. Má gbé e lójijì, ẹ̀yìn ṣì ń dùn ún, yóò ké. Ní wákàtí méjì-méjì ni kí o máa yí i padà, àtòru o. Èmi ń lọ sílé. Bí ohun tí o kọ bá jẹ́ òótọ́, sọ fún un kí ó dìde, kí ó máa tẹ̀lé mi bọ̀. Mi ò ní yára rìn.